Ṣé mílíìkì wa ló bàjẹ́ ni, àbí ẹnu ẹ̀rọ tí mo fi ń bu sáńpù ló ń purọ́ mọ́ ọn?

IyaYọ́gọ́ọ̀tì (Ajé, òwúrọ̀)

Ẹ kú òwúrọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi jàre. Èmi ni mò ń mójú tó ibi tí a ti ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì lápá Tákìé níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe kọ́ńpìnnì ńlá o, táǹkì méjì péré la ní àti ọmọ mẹ́rin tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Mílíìkì tútù tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní gáà la fi ń ṣe é. A máa ń fi gáàsì sè é dé 85°C, a á jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a á wá jẹ́ kó wálẹ̀ sí bíi 43°C ká tó da starter sí i, ìyẹn àwọn kòkòrò rere tó ń sọ mílíìkì di yọ́gọ́ọ̀tì. Ká tó dà á sí i ni mo máa ń bu sáńpù lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà nídìí táǹkì, màá fi ránṣẹ́ sí lábù kan n'Íbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀léra báyìí ni wọ́n ní àwọn rí coliform nínú ẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fi hàn pé ìdọ̀tí ti wọ nǹkan. Ọ̀gá ti gbaná jẹ. Ó ní ọmọ tó ń dáná ni kì í jẹ́ kó gbóná tó, pé tó bá di ọjọ́ Ẹtì kí n ní kó máa lọ ilé ẹ̀. Ọmọ yìí, mo mọ̀ ọ́n, ìdí táǹkì ló ń dúró sí pẹ̀lú tẹmọ́mítà lọ́wọ́, kì í ráyè jẹun gan-an. Ohun tó wá ń rú mi lójú ni pé tí a bá fi èyí tó ti wà nínú ike ránṣẹ́, wọn kì í rí nǹkan kan. Ẹ gbà mí o, kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Lábù_UnderG

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ kọ́kọ́ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ ná. Coliform kì í ṣe kòkòrò tó lágídí rárá, 63°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á pa á, 72°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15 náà á pa á, ká má tiẹ̀ sọ 85 tí ẹ̀yin ń sè é dé. Tó bá wá yọjú lẹ́yìn tí ẹ sè é tán, a jẹ́ pé ẹ̀yìn tí ẹ sè é tán náà ló wọlé. Àmọ́ ti inú ike tí ẹ ní ó mọ́ yẹn, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí o. Yọ́gọ́ọ̀tì tó ti kan dáadáa, pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan, á ti wálẹ̀ sí bíi 4.5, kíkan yẹn fúnra ẹ̀ máa ń pa coliform díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ó lè wọlé kó sì kú kí ẹ tó mọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ gba ọmọ yẹn lẹ́jọ́, ẹ ní kí lábù bá yín wo phosphatase nínú mílíìkì yẹn. Èròjà kan ni tó máa ń wà nínú mílíìkì tútù látọ̀dọ̀ màlúù, iná tó bá tó láti pa àwọn kòkòrò búburú á pa òun náà. Tí wọn ò bá rí i mọ́, iná tó.

Ìbéèrè tèmi ni pé irú ẹnu ẹ̀rọ wo ló wà níbẹ̀, kí lẹ sì ń ṣe fún un kí ẹ tó bu?

IyaYọ́gọ́ọ̀tì

Báàlù fáàfù ni o, irú èyí tó máa ń wà nídìí táǹkì omi tó ní ọwọ́ pupa yẹn. Páìpù tó so ó mọ́ táǹkì á tó ìbú ọwọ́ kan. Mo máa ń fi aṣọ tó ní jíìkì nu ẹnu ẹ̀, màá ṣí i kó dà díẹ̀ sílẹ̀, màá wá gbé ìgò sí i.

Wẹ́dà_Ọjà_Igbó

Háà mà, ẹjọ́ ti parí síbẹ̀ yẹn o 😂 Ẹ ẹ̀ tíì tú báàlù fáàfù rí ni? Báàlù inú ẹ̀ yẹn ní ihò láàárín, tí ẹ bá ń tì í, mílíìkì tó wà nínú ihò yẹn há síbẹ̀ nìyẹn, kò lọ iwájú kò padà sẹ́yìn, èyí tó tún yọ́ gba ẹ̀yìn báàlù yẹn lọ, kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́ jáde. Mo tú ọ̀kan lọ́dún tó kọjá fún ẹnì kan tó ń ṣe mílíìkì sóyà, mo búra, ohun tí mo bá níbẹ̀ funfun ó sì dì bí èkúru, òórùn ẹ̀ lé ọmọ iṣẹ́ mi síta. Bẹ́ẹ̀ oníǹkan ní ojoojúmọ́ lòun ń fọ táǹkì òun.

Ojú ìlà bíi ti nọ́ọ̀tì tí ẹ fi yí i mọ́ páìpù náà, inú àwọn pàlàpálá yẹn, ilé kòkòrò ni.

Bàbá_Bọ́ìlà

Ẹ ṣeun ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ìdí Àkẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ ni mo wà báyìí, ṣùgbọ́n ọdún tó pọ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí táǹkì ọtí bíà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ mi obìnrin yìí sọ̀rọ̀.

Ìyá Yọ́gọ́ọ̀tì, sáńpù dà bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Ìwọ rán ẹlẹ́rìí lọ s'Íbàdàn, ó sì ti kó ìdọ̀tí ojú ọ̀nà sára kó tó kúrò n'Ógbómọ̀ṣọ́. Lábù ò purọ́, ohun tó bá nínú ìgò ló sọ. Ẹnu fáàfù yẹn ni kò jẹ́ kí ohun tó wà nínú ìgò jọ ohun tó wà nínú táǹkì.

Fáàfù kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí. Òun la máa ń lò nídìí táǹkì ọtí, àwọn tó ń ṣe oògùn náà ń lò ó, mílíìkì náà sì ni. Àwọn ará Denmark kan tí wọ́n ń pè ní Keofitt wà lára àwọn tó lórúkọ nídìí ẹ̀, àwọn ará Jámánì náà ń ṣe é. Wàá rí irin kan láàárín, rọ́bà kékeré kan á bo orí irin yẹn. Tí o bá tì í, orí rọ́bà yẹn á lọ dí ihò tó wà lára ògiri táǹkì gan-an, kì í ṣe pé ó tì í ní iwájú lọ́hùn-ún. Wò ó báyìí: ti báàlù fáàfù tìrẹ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà, òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà, mílíìkì á wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ á jókòó síbẹ̀, kò ní rí iná, kò ní rí ẹ̀rọ tó ń rò ó. Ti èyí, ẹnu yàrá gan-an ni ilẹ̀kùn ẹ̀ wà, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí nǹkan lè sùn sí.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ó ní ihò méjì lára bí ihò imú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Kí o tó bu sáńpù, tí fáàfù ṣì wà ní títì, tí mílíìkì ṣì wà lẹ́yìn rọ́bà, wàá so ooru omi gbígbóná mọ́ ihò òkè, steam ni mò ń wí, á gba inú fáàfù kọjá, á gba ti ìsàlẹ̀ jáde pẹ̀lú omi tó bá sẹ̀. Gbogbo ibi tí mílíìkì máa fi ara kàn lójú ọ̀nà, ooru á ti kọ́kọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà lo wá ṣí i, o bu, o tì í, o tún fi omi fọ inú ẹ̀ kí o sì tún fún un ní ooru kí ìyókù má baà gbẹ síbẹ̀. Èyí tí o ṣe lẹ́yìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, òun náà ló sì máa ń dá wàhálà ọjọ́ kejì sílẹ̀.

OlówóKékeré

Bàbá ọ̀rọ̀ yín dùn àmọ́ ti àwọn tó lówó lẹ̀ ń sọ. Irú fáàfù bẹ́ẹ̀ láti òkè òkun, ká tó san owó rẹ̀, owó ọkọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, kí dọ́là tún wá gun òkè, táǹkì fúnra ẹ̀ gan-an lè má tó iye yẹn. Ẹ kàn fi iná gáàsì jó ẹnu ẹ̀rọ yẹn títí á fi pọ́n, kí ẹ bu, ó parí. Bí a ṣe ń ṣe é nílé ìwé nìyẹn.

Lábù_UnderG

Nílé ìwé ẹnu irin lásán la máa ń jó o ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe báàlù fáàfù. Iná yẹn á mú ètè ẹnu ẹ̀rọ gbóná, inú lọ́hùn-ún tí mílíìkì ti há ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dáná. Tí ẹ bá sì wá jó o títí tí ooru á fi dé inú, Teflon tó di báàlù yẹn mú ni ẹ máa yọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Bàbá_Bọ́ìlà

Ọmọ yẹn sọ òótọ́. Tí kò bá sí owó, ọ̀nà kan wà, ẹ wá ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó jẹ́ irin nìkan, sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì, tí kò ní rọ́bà tí kò ní Teflon, tí ẹnu ẹ̀ kúrú, ìyẹn ṣeé fi iná jó. Àmọ́ ẹ má tan ara yín, ìdajì iṣẹ́ nìyẹn, kò tó ti steam. Tí ẹ bá sì fi sipírítì sí ẹnu ẹ̀ kí ẹ tó jó o, ẹ gbé ìgò ẹ̀ jìnnà kí ẹ tó ṣáná. Iná sipírítì kì í hàn lójú oòrùn, mo ní ẹlẹgbẹ́ kan tó rò pé ó ti kú, ló bá tún da òmíràn lé e, iná yẹn gba inú ìgò wá bá a lọ́wọ́. Àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Àdùkẹ́_Ọ̀yọ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, sipírítì wo gan-an? Èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì tó ní àwọ̀ yẹn ńkọ́? Omi inú ọ̀rá ni tèmi o, kì í ṣe mílíìkì, àmọ́ ìṣòro kan náà ni.

Lábù_UnderG

Ẹ má lo ìyẹn sí ohun tí èèyàn máa mu mà, wọ́n máa ń po májèlé mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún. Ethanol ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ sì po omi mọ́ ọn dé 70%. Tó bá jẹ́ ti 95% lẹ rí rà, ẹ wọn 74 ml, kẹ́ ẹ fi omi mímọ́ kún un dé 100 ml. Èèyàn máa ń rò pé èyí tó le jù ló dáa jù, rárá o, omi yẹn ló ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ inú kòkòrò. Ẹ fọ́n ọn sí inú ẹnu ẹ̀rọ àti ìta ẹ̀, ẹ ní sùúrù kó dúró níbẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan kó tó gbẹ, ẹ má fi aṣọ nù ún kúrò. Àwọn kòkòrò tó ní èèpo líle bí Bacillus ò ní kú sí i o, steam tó ní agbára ló ń rí tiwọn rò.

Àti ti jíìkì tí Ìyá Yọ́gọ́ọ̀tì ń lò: wàhálà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Aṣọ yẹn fúnra ẹ̀ lè dọ̀tí ju ẹnu ẹ̀rọ lọ. Jíìkì máa ń jẹ sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì ní ihò wínníwínní. Ẹ̀kẹta ló burú jù, tí jíìkì bá kán sínú ìgò sáńpù, á máa pa kòkòrò lọ lójú ọ̀nà, tó bá fi máa dé Ìbàdàn ó ti mọ́, ẹ wá rò pé nǹkan yín dáa. Irọ́ náà ni, ó kàn jẹ́ irọ́ tó dùn mọ́ ọ̀gá ni. Àdùkẹ́, tí omi yín bá ní chlorine, ẹ ní kí lábù fún yín ní ìgò tó ní sodium thiosulphate nínú, òun ló máa ń pa agbára chlorine lójú ẹsẹ̀.

OlówóKékeré

Ó dáa mo gbà. Steam ńkọ́? Ìyá yìí ò ní bọ́ìlà, gáàsì ló fi ń sè é. Ṣé ìkòkò tó ń súfèé yẹn ò lè ṣe é, pressure cooker?

Bàbá_Bọ́ìlà

Ó lè ṣe é, àmọ́ etí yín mélòó? Èyí tó bá gbé agbára dé 15 psi, ooru inú ẹ̀ á tó 121°C, ìyẹn náà ni wọ́n ń lò nínú autoclave, ìkòkò tí àwọn lábù fi ń pa kòkòrò. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Túùbù táyà kọ́, họ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò kọ́, họ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún steam ni kẹ́ ẹ rà. Ẹni tí kò bá tíì fara gbá a rò pé ooru lásán ni, ó burú ju omi gbígbóná lọ, torí pé tó bá kàn ọ́ lára tó di omi, gbogbo iná tó gbé wá ló máa já sí ọ lára. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má dúró síwájú ẹnu ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe é ṣì: tí ẹ bá ṣí ihò ìsàlẹ̀ gbayawu, ooru á kàn máa sá lọ, kò ní ju bíi 100°C lọ níbẹ̀. Tí ẹ bá sì tì í pa, afẹ́fẹ́ àti omi tútù á há sínú, ibẹ̀ ò ní gbóná. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i kí afẹ́fẹ́ lọ, ẹ wá fún un pa díẹ̀ kó máa yọ èéfín tín-ín-rín, kí omi sì máa kán. Ìgbà tí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún bá ti gbóná bíi ti òkè lẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Èmi a máa fún un ní ìṣẹ́jú 15 sí 20. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó bu, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ooru fáàfù á tún pa ohun tí ẹ fẹ́ kà nínú sáńpù.

Wẹ́dà_Ọjà_Igbó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ tèmi. Mà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ojú nọ́ọ̀tì yí nǹkan mọ́ táǹkì mílíìkì yín. Kíláńpù lẹ máa lò, èyí tó ṣeé tú láìlo sípánà, tí gáskẹ́ẹ̀tì ẹ̀ bá inú páìpù dọ́gba. Páìpù tó bá jáde lára táǹkì kó kúrú, kí gígùn ẹ̀ má ju ìlọ́po méjì ìbú ẹ̀ lọ. Tí a bá ń jó o, wẹ́dà yín gbọ́dọ̀ fi gáàsì ágọ́ọ̀nù sínú páìpù náà, kì í ṣe ìta nìkan, tí kò bá ṣe é inú á dúdú á sì ní hóró-hóró bíi gààrí, ìdọ̀tí á rí ibi dì mú. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà ni kì í ṣe é torí pé kò sẹ́ni tó máa wo inú.

Irin ńkọ́, ẹ béèrè sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní 316L. Àwọn kan máa gbé mágínẹ́ẹ̀tì sí i níwájú yín pé ẹ wò ó kò mú un, a jẹ́ pé 316 ni. Èké ni o! 304 náà mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú un. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé irin.

Bàbá_Bọ́ìlà

O káre wẹ́dà. Kí wọ́n sì dán inú ẹ̀ kó jọ̀lọ̀, kí hóró-hóró ojú ẹ̀ má ju 0.8 µm lọ ni wọ́n máa ń sọ fún ibi tí oúnjẹ bá ti ń kàn.

Ibi tí ẹ máa fi í sí náà lọ́rọ̀ nínú. Nídìí táǹkì pátápátá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lẹ máa bu. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa rò ó nígbà tí ẹ bá ń bu. Tó bá jẹ́ páìpù tó dùbúlẹ̀, ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ páìpù, torí òkè ni afẹ́fẹ́ ń gbé, ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí ń jókòó. Ó sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn pọ́ǹpù, níbi tí pọ́ǹpù ti ń tì í jáde. Tí ẹ bá fi í sí ibi tó ti ń fà á wọlé, ẹ ṣí i báyìí, dípò kí mílíìkì jáde wá bá yín, afẹ́fẹ́ ilé iṣẹ́ ló máa wọlé lọ bá mílíìkì.

Lábù_UnderG

Mà, kẹ́ ẹ tó náwó kankan, ẹ ṣe èyí lọ́la. Ọjọ́ kan náà, táǹkì kan náà, ẹ bu sáńpù méjì. Ọ̀kan lẹ́nu báàlù fáàfù bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ìkejì, ẹ wá ife sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì tó ní ọwọ́ gígùn, ẹ di í, ẹ gbé e sínú pressure cooker, ẹ fi bu mílíìkì láti òkè táǹkì, ìgò náà kó jẹ́ èyí tí lábù ti pa kòkòrò inú ẹ̀. Ẹ kọ A àti B sí i, ẹ má sọ fún lábù èwo ni èwo. Kẹ́ ẹ fi yìnyín sí kúlà, kó wà láàárín 0 sí 4°C, kó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ sì mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, ẹ tètè jáde 😅

IyaYọ́gọ́ọ̀tì (Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi ẹ kú àdúrótì o!! Èsì ti dé. Sáńpù A, ti báàlù fáàfù, ní coliform, sáńpù B, ti ife, ò ní ẹyọ kan. Phosphatase náà, wọn ò rí i, ìyẹn ni pé iná tó. Mo tẹ ìwé èsì méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì ọ̀gá, mi ò sọ ohunkóhun, ó wò ó títí. Ó ní kí n pe ọmọ yẹn wá. Kò bẹ̀ ẹ́ o, ẹ ti mọ bí àwọn ọ̀gá ṣe rí, ó kàn ní kí wọ́n ra málítì àti búrẹ́dì fún un, ó wá bi mí pé èló ni fáàfù tí bàbá ń sọ yẹn. Ní báyìí ná, a ti yọ báàlù fáàfù kúrò, wẹ́dà ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti jó ẹnu kíláńpù sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì.

Bàbá, rọ́bà inú fáàfù yẹn, irú èwo ni kí n béèrè, ìgbà wo ni kí n sì máa pààrọ̀ ẹ̀?

Bàbá_Bọ́ìlà

Inú mi dùn ọmọ mi. Sílíkóònù ni kí o béèrè fún mílíìkì. Wọ́n á fẹ́ ta EPDM fún ọ, irú rọ́bà mìíràn, ìyẹn dáa fún omi àti steam, ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í bá a lára mu, á wú. Ti pípààrọ̀, iye ìgbà tó bá rí steam ló ń sọ ọ́, kì í ṣe oṣù tó lò. Ra mẹ́ta mẹ́rin pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Máa tú u wò lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, tó bá ti le, tó ya, tàbí tí ojú ibi tó ń dí ihò bá ti tẹ̀ sínú, sọ ọ́ nù. Kọ ọjọ́ tí o fi í sí i sára ògiri, má gbẹ́kẹ̀ lé orí rẹ.

Yọ́gọ́ọ̀tì tó bá ti dì, ihò fáàfù kékeré ò ní gbà á jáde, nítorí náà kí o tó rà, sọ fún wọn pé nǹkan tó ki lo fẹ́ fi bù.

Wẹ́dà_Ọjà_Igbó

Mà, báàlù fáàfù àtijọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ má jù ú nù o. Mo fẹ́ gé e sí méjì fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

IyaYọ́gọ́ọ̀tì

Ó wà nínú láílọ́ọ̀nù lẹ́yìnkùlé, mo so ó mẹ́ta. Ẹ tètè wá gbé e, àwọn ará ilé kejì ti ń béèrè pé kí ló kú síbẹ̀.